Ilé-Ìwé Gando àti Àwọn Tí Ó Lu Ilẹ̀ Rẹ̀

Nígbà tí ọmọ bá ti òkè òkun dé, ẹrù rẹ̀ ni ará ilé kọ́kọ́ ń wò. Àwọn ará Gando wo ẹrù ọmọ tiwọn, amọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Abúlé kékeré kan ni Gando, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso. Ọmọ tí mò ń sọ ni Diébédo Francis Kéré, àkọ́bí olórí abúlé náà, tí wọ́n bí ní 1965, tí ó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilé-ìwé nínú gbogbo ọmọ ibẹ̀. Ní 1985 ó lọ sí Berlin láti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ibẹ̀ ni ó sì ti wọ yunifásítì láti kọ́ nípa ilé yíyà. Nígbà tí ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé-ìwé fún abúlé òun, inú gbogbo ènìyàn dùn. Nígbà tí ó wá ní amọ̀ ni òun yóò fi kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń ròyìn rẹ̀, wọ́n béèrè bóyá nítorí èyí ni ó ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, tí kò bá wọn ro oko. Ọdọọdún ni òjò ń wó ilé amọ̀ mọ́ wọn lórí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹni tí ó lọ kọ́ amọ̀ ní Jámánì ṣe?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹ̀kọ́ ilé yíyà àti ọnà ṣíṣe ń so ènìyàn pọ̀. N kò jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ irú rẹ̀ tí kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, kọngilá kan gbé àwòrán dé ní ọjọ́ kan, ó kó òṣìṣẹ́ láti ìlú mìíràn wá, kò sì bi olùkọ́ kan ṣoṣo léèrè ohunkóhun. Fèrèsé kíláàsì tuntun náà kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Tí ó bá ti di aago kan ọ̀sán, oòrùn á wọlé wá bá wa jókòó. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, olùkọ́ wa á dákẹ́, á kọjú sí pátákó, á máa kọ̀wé nìkan. Nígbà tí ó yá, abẹ́ igi máńgòrò ni a gbé bẹ́ǹṣì wa lọ. Ẹnì kan kàwé kí ó tó ya ilé yẹn o.

Kéré náà jókòó nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ní Tenkodogo, níbi tí wọ́n ti lé ní 100 ọmọ nínú yàrá kan tí ó ṣókùnkùn tí ó sì gbóná. Ilé-ìwé tí ó kọ́ sí Gando ni èsì rẹ̀. Ó parí ní 2001, nígbà tí ọkùnrin náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. 2004 ni ó tó gba oyè rẹ̀ ní yunifásítì. Kíláàsì mẹ́ta ni wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, òrùlé kan ṣoṣo sì bo kíláàsì àti àyè pọ̀. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ kí ó le, ni ògiri rẹ̀. Bíríkì kan náà ni wọ́n fi ṣe àjà. Páànù rẹ̀ kò fara kan àjà rárá: orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n jó pọ̀ ni wọ́n gbé e sí, ó ga sókè. Ooru inú kíláàsì á gba àárín àjà jáde, atẹ́gùn tí ń kọjá lábẹ́ páànù á gbé e lọ. Páànù náà yọ síta kọjá ògiri dáadáa, kí òjò má baà nà án. Èsì ìbéèrè àwọn ará abúlé nìyẹn. Amọ̀ kọ́ ni ó jẹ̀bi ilé tí ń wó. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ fún òjò ni.

Orí òrùlé yẹn ni àwọn tí ń kọ̀wé nípa ilé náà máa ń dúró sí. Ní tèmi, àyè àárín kíláàsì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú agbo ilé mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe yàrá ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ibẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí, ibẹ̀ ni ìyá ń ti í di irun fún ọmọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti í parí ìjà. Bí a bá ní kí ẹni tí ń ṣọ́ owó ná ya ilé-ìwé, àyè yẹn ni yóò kọ́kọ́ yọ kúrò. Owó Kéré kò pọ̀, kò sì yọ ọ́.

Ibo ni owó náà ti wá? Ní 1998 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Jámánì, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí bíríkì ilé-ìwé fún Gando. Ó bẹ àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi owó kọfí àti sìgá wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Bí ó ṣe sọ ọ́, ó rí nǹkan bí 50,000 dọ́là. Ó tún máa ń sọ pé nígbà tí òun wà ní kékeré, tí òun bá wá lo ìsinmi ní abúlé tí òun sì fẹ́ padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, obìnrin kọ̀ọ̀kan á tú etí aṣọ, á fún òun ní ẹyọ owó tí ó kù sí i lọ́wọ́. Kí ẹ fi owó sìgá àwọn ọmọ Berlin sí ẹ̀gbẹ́ owó etí aṣọ àwọn obìnrin yẹn, kí ẹ wò ó. N kò mọ èyí tí ó tóbi jù.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì yóò ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dán wọn wò. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri, á dúró níwájú àwọn olùkọ́, wọn á sì máa tú u palẹ̀ títí omi yóò fi bọ́ lójú ẹlòmíràn. Wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọ láti gbèjà ọgbọ́n orí rẹ̀. Ó dára. Àmọ́ àwọn olùkọ́ yẹn kò ní gbé inú ilé náà. Àwọn tí Kéré dúró níwájú wọn ní Gando kò lè ka àwòrán, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kọ, ọmọ wọn ni yóò sì jókòó sábẹ́ àjà náà. Ó ní láti mọ àpẹẹrẹ fún wọn, kí wọ́n fojú rí i, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ìdánwò yẹn le ju ti Berlin lọ.

Nígbà tí wọ́n gbà, gbogbo wọn jáde. Àwọn ọmọdé kó òkúta wá fún ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi tí wọ́n fi po bíríkì. Àwọn ọ̀dọ́ kọ́ bí wọ́n ti ń tẹ bíríkì àti bí wọ́n ti ń gé irin, tí wọ́n sì ń jó o pọ̀. Ti ilẹ̀ ilé ni ó dùn mọ́ mi jù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á lù ú fún wákàtí púpọ̀, àwọn ìyá wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn á máa bu omi wọ́n ọn, wọn á máa lù ú, àwọn mìíràn á sì wá fi òkúta dán an títí yóò fi jọ̀lọ̀. Àwọn ìyá àgbà wa náà lu ilẹ̀ báyìí rí, wọ́n sì fi bọ́tọ pa á. Sìmẹ́ńtì ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀wẹ̀ lásán ni gbogbo èyí, pé kí ni yunifásítì fi kún un. Àwọn baba wa ń bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n ń ṣe àáró, ọkọ ìyàwó ń kó ọ̀rẹ́ lọ mọ ògiri fún àna rẹ̀, kò sí ẹni tí ó gba oyè kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀wẹ̀, bí ògiri bá ti dúró tí a sì jẹ iyán tán, ohun tí kálukú mọ̀ wá ni ó mọ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ Gando gbé iṣẹ́ tuntun lọ sílé. Abúlé méjì tí ó wà nítòsí para pọ̀, wọ́n kọ́ ilé-ìwé tiwọn. Àwọn aláṣẹ ìlú náà gba àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ sí iṣẹ́ ìjọba. Lójú tèmi, èyí ju ẹ̀bùn Aga Khan tí ilé náà gbà ní 2004 lọ.

Síbẹ̀ ó ku ohun kan tí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọmọ olórí abúlé ni Kéré. Ní ilẹ̀ wa níbí, bí ọmọ baálẹ̀ bá bẹ ọ̀wẹ̀, ta ni yóò sọ pé òun kò wá? Àwọn ìyá tí ó fi ọ̀pọ̀ wákàtí lu ilẹ̀, ṣé ìfẹ́ ni, àbí wọn kò lè kọ̀? Ohun tí ó mú mi fara mọ́ ọn ni pé wọ́n ti kọ́kọ́ bá a jiyàn lórí amọ̀, ó sì ní láti dá wọn lóhùn. Ẹni tí ó lè sọ pé rárá, tirẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni tí ó bá sọ. Kí a tún má gbàgbé irin àti páànù: wọn kì í hù ní Gando. Abúlé tí kò ní ọmọ ní Berlin ńkọ́? Ní 2022, Kéré di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, orúkọ ẹnì kan ni ó sì wà lórí ẹ̀bùn náà. Kò jẹ̀bi, gbogbo ìgbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ni ó ń dárúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwa tí ń ya fọ́tò ògiri láìya àwọn tí ó mọ ọ́n ni kí a bi ara wa.

Níbi tí ayàwòrán-ilé ti jẹ́ àlejò, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, Samuel Mockbee àti D. K. Ruth dá Rural Studio sílẹ̀ ní 1993, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Auburn lè máa gbé ní Hale County, kí wọ́n máa ya ilé fún àwọn tálákà, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kọ́ ọ fún jẹ́ ènìyàn dúdú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, táyà ògbólógbòó, koríko dídì àti gíláàsì iwájú mọ́tò ni wọ́n ń fi kọ́lé. Àwọn àwòrán rẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi pé ta ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí ta. Láti 2005 ni wọ́n ti béèrè ohun mìíràn: ilé wo ni àgbàlagbà tí ń gbé lórí owó ìfẹ̀yìntì lè san owó rẹ̀? Iye tí wọ́n ṣírò ni 20,000 dọ́là, owó ohun èlò àti owó òṣìṣẹ́ pọ̀. Ilé tí ó ti inú ìbéèrè yẹn jáde kò ṣe fọ́ńté. Ó ní ìloro níwájú, ẹni tí ó ni ín á jókòó síbẹ̀, á máa kí ẹni tí ń kọjá. Ibẹ̀ ni mo gbà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́kọ̀ọ́.

Ní báyìí, Kéré ti ya ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún orílẹ̀-èdè Benin, ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Igi ńlá tí ará ìlú ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti jíròrò ni ó wò kí ó tó yà á. Ilé náà tóbi ju kíláàsì mẹ́ta lọ fíìfíì, ìjọba ni ó ni ín, kò sì sí ìyá ẹnikẹ́ni tí yóò lu ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọgbà yóò wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá obìnrin tí ó ti ọjà Àjàṣẹ́ ń bọ̀ lè sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi yẹn ní ọ̀sán gangan, kí ó jókòó, kí ó nu òógùn, kí ẹ̀ṣọ́ má lé e.