Ẹlẹ́rìí tàbí Àròjinlẹ̀? Àfiwé Fíìmù The Maltese Falcon ti 1931 àti ti 1941

Olùkọ́ tó bá ti kọ́ni ní Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé tàbí Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mọ̀ pé ọ̀nà tí a gbà mọ ọ̀daràn gan-an ni adùn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ojú yìí ni a fi wo fíìmù méjì tí ilé iṣẹ́ Warner Bros. ṣe láti inú ìwé Dashiell Hammett, The Maltese Falcon (1930). Roy Del Ruth ló darí ti 1931. John Huston ló darí ti 1941, òun sì ni fíìmù àkọ́kọ́ tó darí.

Ìtàn kan náà ni. Wọ́n yìnbọn pa Archer, alájọṣiṣẹ́ Spade, níbi tí àwọn kan ti ń lé ère ẹyẹ àṣá kiri. Bí Spade ṣe mọ apànìyàn ni ọ̀nà ti pín. Nínú fíìmù 1931, ó bá ará Ṣáínà kan sọ̀rọ̀ ní èdè Ṣáínà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ náà, wọn kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ìparí ni a tó gbọ́ pé ọkùnrin náà rí ẹni tó yìnbọn. Ní àpérò elédè púpọ̀ bíi tiwa ní Otor-Udu yìí, a mọ bó ṣe ń rí kí ọ̀rọ̀ gidi kọjá létí ẹni bẹ́ẹ̀. Ní èrò tiwa, òjóró ni.

Huston padà sínú ìwé. Ìbọn Archer wà ní ìbàdí rẹ̀, bọ́tìnì kóòtù rẹ̀ wà ní dídè. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbówọ́ kò ní bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ wọ kọ̀rọ̀ òkùnkùn báyẹn. Ẹni tó fọkàn tán ló mú un débẹ̀, ìyẹn obìnrin tó gbé iṣẹ́ fún wọn. Ọlọ́pàá ti sọ ti ìbọn àti kóòtù yìí létí wa níbẹ̀rẹ̀. Àwa ni a kò kà á sí.

Fíìmù 1931 kò ṣàìní tirẹ̀. Ó láyà jù lórí ọ̀rọ̀ Spade àti obìnrin, débi pé òfin fíìmù Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n tún gbé e jáde ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ti Huston náà ní àbùkù: ó fi ọwọ́ tó di ìbọn mú hàn wá nígbà tí Archer kú, bẹ́ẹ̀ Spade kò sí níbẹ̀, ìwé kò sì fi í hàn.

Ní kíláàsì, ẹ dá ti 1941 dúró kí Spade tó ṣàlàyé, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ apànìyàn àti ohun tó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí Àjà Ló Lẹrù náà, kí wọ́n tó ka orí tó kẹ́yìn.