Ihò Tí Bírò Lè Wọ̀

Kí ọkùnrin yìí tó kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì ẹnikẹ́ni, iná ló máa ń kọ́kọ́ pa. Onílé á wò ó pé kí lèyí? Ṣé ẹni tó ń wá nǹkan ló ń paná? Àmọ́ òun ti dá tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí táìlì. Ìmọ́lẹ̀ náà ń fara nu ilẹ̀ lọ, ohun tó bá sì yọrí díẹ̀ níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, á na òjìji tó gùn jù ú lọ sẹ́yìn. Báyìí ló ṣe ń rí imí èkúté tí ìgbálẹ̀ ti fò. Kì í kà á. Èkúté kan ṣoṣo lè su 50 títí dé 80 lóòjọ́, nítorí náà pípọ̀ imí kò sọ nǹkan kan fún un. Igi ìtayín ló fi ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ti òní máa ń dán, ó sì rọ̀, ti oṣù tó kọjá á fọ́ di ẹ̀tù. Ibi tí tòní bá pọ̀ sí ló ń kọjú sí.

Ọmọ Ìbàdàn ni, iṣẹ́ káfíńtà ló sì kọ́ kó tó dé Lọ́ńdọ́nù. Ó ní kí n má dárúkọ òun, nítorí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti tó òun jẹ. Àwọn fúláàtì tó yí pápá Woolwich Common ká ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, láti ìtòsí Queen Elizabeth Hospital títí dé ẹ̀gbẹ́ Nightingale Place. Nígbà míì ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé Thamesmead, níbi tí àwa Yorùbá ti pọ̀. Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ ohun tó wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù: àpò ìrẹsì, gàrí, èlùbọ́, edé, ẹja gbígbẹ. Nǹkan bí gíráàmù 3 péré ni èkúté ń jẹ lóòjọ́. Gàrí tó dà sílẹ̀ lẹ́nu àpò nígbà tí a ń bù ú ti tó òun àtọmọ rẹ̀. Mo ti rí àpò gàrí Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n dá lu ní igun, tí páálí oúnjẹ àárọ̀ òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì ní àpá eyín kankan. N kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí ohunkóhun o, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ihò dídí. Á yọ pákó tó bo ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, á na jígí kékeré tó so mọ́ igi sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, á wo ibi tí páìpù síǹkì ti wọnú ògiri. Púlọ́ńbà tó lu ihò tó gba ìkúùkù fún páìpù tí kò ju àtàǹpàkò lọ ti bá tirẹ̀ lọ láti ọdún gbọ́nhan. Èkúté ló jogún àyè tó ṣẹ́ kù. Nígbà náà ni ọ̀gá á fa bírò yọ lápò. Ihò tí bírò bá ti lè wọ̀, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 6, èkúté á gbà á kọjá. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti wọlé, ara á tẹ̀lé e. Bírò yìí ló ń tì bọ gbogbo ìlà tó wà láàárín ògiri àti ilẹ̀, ìdí ilẹ̀kùn, abẹ́ àwo ìwẹ̀, ibi tí wáyà iná ti jáde. Ó ń yẹ páìpù náà fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ibi tí èkúté bá ti ń fara nù lójoojúmọ́ máa ń ní àbàwọ́n dúdú ọlọ́ràá. Bí eruku bá ti bo àbàwọ́n náà, ọ̀nà àtijọ́ nìyẹn. Èyí tó ń dán ló ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

"Wọn kì í gba àárín ilé, Mà," ló sọ fún màmá kan tó ń tọ́ka sí àárín kíṣìnnì pé ibẹ̀ lòún ti rí i. "Ẹ̀yin lẹ dẹ́rù bà á tó fi gbabẹ̀ sá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń tọ̀." Irunmú ni èkúté fi ń mọ̀nà nínú òkùnkùn, ó fẹ́ kí ògiri máa kan òun lára bó ṣe ń lọ.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń dí ihò. Fóòmù tó ń wú, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà nínú agolo, kò gbẹ́kẹ̀ lé e lóun nìkan: eyín èkúté kì í dẹ́kun híhù, fóòmù kò sì le tó ohun tí yóò dá a dúró. Kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò sàn díẹ̀, àmọ́ lábẹ́ síǹkì tí omi ń kán sí, á dípẹtà, á sì jẹrà. Èyí tí irin rẹ̀ kì í dípẹtà ló ń lò. Kì í kàn kì í bọ ihò. Á fà á tú díẹ̀díẹ̀, á lọ́ ọ yí páìpù ká, á fi igi tẹ̀ ẹ́ wọnú títí tí kò fi ní ṣeé fà jáde mọ́. Ìgbà náà ló tó fi sìmẹ́ńtì bò ó, tí á fi ìka tútù dán an. Lẹ́yìn náà á gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó ṣe jẹ́. Iṣẹ́ káfíńtà ṣì wà lọ́wọ́ yẹn: pákó kọ́bọ́ọ̀dù tó bá dá padà máa ń bá ilẹ̀ mu ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti gbà fún un jù ni ibi tí kì í dí. Ògiri ìta ní bíríkì oníhò tí atẹ́gùn ń gbà wọ abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí èkúté ti sú lè fi sìmẹ́ńtì dí i pa, kí pákó abẹ́ ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ti ihò atẹ́gùn ẹ̀rọ gáàsì tún burú jùyẹn lọ, torí èéfín tí kò lóòórùn lè pa onílé kó tó kan èkúté. Nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò gba bírò ló ń kàn mọ́ bíríkì oníhò náà. Ti gáàsì, kì í fọwọ́ kàn án. Á ní kí wọ́n pe oníṣẹ́ gáàsì tó ní ìwé àṣẹ.

Woolwich Common fúnra rẹ̀ mọ irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1774 ni wọ́n gbẹ́ kòtò gígùn kan síbẹ̀, tí ògiri dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, kí màlúù àti àgùntàn tó ń jẹko lórí pápá, àwọn tí wọ́n ń dà lọ sọ́jà ẹran Lọ́ńdọ́nù, má baà ṣìnà wọ ibi tí àwọn ọmọ ogun Royal Artillery ti ń yìnbọn. Ha-ha ni wọ́n ń pe irú kòtò bẹ́ẹ̀, títì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ Ha-Ha Road títí dòní. Ẹran á dé etí kòtò, á yí padà. Ẹnikẹ́ni kò nà án. Mo rò fún ọ̀gá wa. Ó ní òun ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà gbogbo, ibi ìdàdọ̀tí lòún pè é.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dẹ pàkúté kí wọ́n tó dí ihò. Wọ́n á pa méjì lónìí, mẹ́ta á wọlé lọ́la. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èkúté fi ń lóyún, ọmọ rẹ̀ á sì ti lè lóyún kó tó pé oṣù méjì. Pàkúté wo ló fẹ́ bá ìyẹn sáré? Ọ̀gá ń kọ́kọ́ dí ihò, á ní kí wọ́n kó oúnjẹ sínú ike tó ní ìdérí líle, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń wá àwọn tó ṣẹ́ kù. Bó bá rí ìtẹ́, ìyẹn bébà tí wọ́n já wẹ́wẹ́ tàbí òwú inú àga, kò ní dí ihò tó wà lẹ́bàá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Á wọ́n pọ́dà sẹ́nu ihò, á padà wá wo ipa ẹsẹ̀ títí yóò fi dá a lójú pé ìtẹ́ ti ṣófo, nítorí ọmọ tí a dí ìyá rẹ̀ mọ́ta, ebi ni yóò pa á sínú ògiri. Ẹni tí òórùn òkú èkúté bá ti dé ilé rẹ̀ rí kò nílò ìwàásù àánú.

Pàkúté tí kì í pa ló máa ń kọ́kọ́ dẹ. Ọ̀kan lára irú rẹ̀ ni Longworth, àpótí irin fẹ́lẹ́ tí Chitty àti Kempson gbé jáde ní 1949 fún àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí eku inú igbó: ọ̀nà tóóró níwájú, yàrá kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n ń kó koríko gbígbẹ àti oúnjẹ sí. Inú koríko yẹn ni àánú rẹ̀ wà. Ara èkúté kéré débi pé òtútù òru kan láìsí ibùsùn lè pa á sínú pàkúté tí wọ́n kọ "kì í pa" sí lára. Èyí tí ọ̀gá ń lò, ike lásán tí kò ju pọ́ùn díẹ̀ lọ, kò ní yàrá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ́ òwú sínú rẹ̀, tó ń fi ègé ápù sí i torí omi. Onílé gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun á wò ó kóun tó sùn, òun á tún wò ó ní ìdájí. Ẹni tí kò bá lè ṣèlérí, kò ní fi sílẹ̀ fún un. Òfin Animal Welfare Act ti 2006 náà wà nílẹ̀: ẹranko tó bá ti kó sí wa lọ́wọ́, a kò gbọ́dọ̀ fi ìyà tí kò nídìí jẹ ẹ́.

Ní ilé ìsàlẹ̀ kan tó kọjú sí pápá, ó gbé irú pàkúté bẹ́ẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ojú ńlá tó yọ síta, etí gbòòrò, ara rúsúrúsú, ikùn funfun. "Eku igbó ni," ló wí. Ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó tú u sílẹ̀ lẹ́bàá ewéko, ó sì padà wá wá ihò tó bá wọlé. Ká ní èkúté ilé ni, ojú rẹ̀ ì bá kéré, ara rẹ̀ ì bá ṣú bí eérú, òórùn ì bá sì ti fi í hàn. Ní ti ìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ le, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹni tó gbé èkúté ilé lọ sáàárín Woolwich Common nínú oṣù January, tó tú u sílẹ̀, tó padà sílé pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́, òtútù, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti òwìwí ló fà á lé lọ́wọ́. Kò kàn dúró wò ó ni. Bí èkúté ilé bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, tí ihò ilé sì ti di dídí tán, ẹ̀yìn ilé náà ló ń tú wọn sí. Bí wọ́n bá pọ̀, pàkúté onísípíríǹgì ni, nínú àpótí, ẹnu rẹ̀ sí ògiri, pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀pà tí kò ju orí ìṣáná lọ. Pẹ́ńsù ló fi ń dán sípíríǹgì wò. Èyí tó bá ti dẹ̀, á jù ú nù, torí pàkúté tó dẹ̀ á ṣẹ́ eku lẹ́sẹ̀, kò ní pa á.

Gọ́ọ̀mù kò sí nínú àpò rẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù July, 2024, òfin ti kà á léèwọ̀ ní England kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ dẹ gọ́ọ̀mù fún eku; ẹni tó bá rí i níbi tí wọ́n dẹ ẹ́ sí, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìnídìí, òun náà lè jẹ́jọ́. Síbẹ̀ ó ń bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí àlejò kó wá láti ilé. Á ká a, á gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ májèlé tí wọ́n ń tà fún eku níbí, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń mú dà nínú ara fún ọjọ́ mélòó kan kí èkúté tó kú, òwìwí tó bá sì gbé e jẹ á pín nínú rẹ̀. N kò fi ojú Woolwich dá ilé lẹ́jọ́ o. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti ń tọ́jú ìbà Lassa, eku tó wọlé lè gbé ikú wọlé. Ẹni tó pa á níbẹ̀ kò jẹ̀bi lójú mi. Ṣùgbọ́n irú eku tó ń gbé àìsàn yẹn kiri kò sí ní Lọ́ńdọ́nù. Kí ló wá gbé oògùn apakòkòrò Sniper sínú àpótí aṣọ, èyí tí àjọ NAFDAC fúnra rẹ̀ ti fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà láti 2019?

Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò ká ni ògiri tó so fúláàtì pọ̀. Páìpù ń gba inú ihò gíga kan láti ìsàlẹ̀ dókè. Bó bá dí ti àjà kejì, èkúté á yọ lájà kẹta. Nítorí náà ó ń ya àwòrán, nínú ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé. Mo wo èyí tó yà fún ilé kan: páìpù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, ihò tó ti dí ní dúdú, èyí tó ṣì wà ní ṣíṣí ní pupa, ọjọ́ tó dí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwòrán yìí ló jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ilé tó ń pariwo jù ni èkúté ti ń wá. Fúláàtì kan tó ṣófo nísàlẹ̀ ni, tí wọ́n yọ síǹkì rẹ̀ tí wọn kò sì dí ẹnu ihò páìpù. Ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé náà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dá a lóhùn ń béèrè irú májèlé tó lò àti iye rẹ̀. Ó kọ "kò sí" sí ojú ìlà méjèèjì, ó tún so àwòrán náà mọ́ ọn, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ fúláàtì tó ṣófo.