Ọ̀fẹ́ Yàtọ̀ sí Òmìnira: Àgbéyẹ̀wò LibreOffice gẹ́gẹ́ bí Irinṣẹ́ Ìkọ̀wé Yorùbá

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò LibreOffice, ìyẹn àkójọ ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsanwó. Òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n ni bí ó ṣe ń gbé àkọtọ́ àti ìhun ọ̀rọ̀ Yorùbá. Èrò iṣẹ́ náà ni pé iyì ètò yìí fún olùkọ́ Yorùbá kò sí nínú àìsanwó rẹ̀, bí kò ṣe nínú pé a lè ṣí i wò kí a sì fi ohun tí ó kù kún un. Bí àwọn olùkọ́ èdè kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àǹfààní náà kò dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Ìfáárà
Èdè Yorùbá ya ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òmìnira. Ohun tí a gbà láìsanwó ni ọ̀fẹ́. Agbára láti lo nǹkan, láti tú u wò, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíràn ni òmìnira. Orúkọ ètò tí a ń sọ yìí fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ìkejì, nítorí pé olómìnira ni "libre" túmọ̀ sí ní èdè Faransé àti ti Sípéènì. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ń yin irú ètò báyìí ní ilé-ẹ̀kọ́, owó tí a kò san nìkan ni wọ́n ń rí. Ìyìn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó.

Ìtàn tó fi agbára òmìnira hàn
Ilé-iṣẹ́ Star Division ní Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe ètò tí a mọ̀ sí StarOffice. Sun Microsystems ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 1999, ó sì ṣí àṣẹ tí a fi kọ ètò náà sílẹ̀ fún aráyé ní ọdún 2000 lábẹ́ orúkọ OpenOffice.org. Nígbà tí Oracle ra Sun ní ọdún 2010, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n dá The Document Foundation sílẹ̀, LibreOffice àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011. Olówó yí padà, iṣẹ́ kò parun, nítorí pé ìwé àṣẹ rẹ̀ fi àyè gba ẹni tó bá fẹ́ láti máa bá a lọ. Ọ̀fẹ́ lásán kò lè ṣe èyí: ẹni tí ó fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí lè gbà á padà lọ́la.

Ètò mẹ́fà ni ó wà nínú àkójọ náà: Writer fún ìkọ̀wé, Calc fún ìṣirò àti máàkì, Impress fún àfihàn nínú kíláàsì, Draw fún àwòrán, Base fún ìpamọ́ àkọsílẹ̀, àti Math fún kíkọ ọ̀rọ̀ ìṣirò. Writer ni iṣẹ́ yìí gbájú mọ́ jù, nítorí òun ni olùkọ́ èdè ń lò lójoojúmọ́.

Ìpamọ́ iṣẹ́ Yorùbá
Kí Unicode tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àkànṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tẹ Yorùbá. Nínú irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀, àmì mìíràn ni kọ̀ǹpútà fi pamọ́; àwòrán ẹ tàbí ṣ lásán ni fọ́ǹtì náà gbé wọ̀ ọ́. Bí fọ́ǹtì bá sọnù, iṣẹ́ a di rúdurùdu. LibreOffice ń lo Unicode, ó sì ń fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìlànà OpenDocument, tí àjọ ISO fọwọ́ sí ní ọdún 2006. Inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò fara sin: àpò tí a dì pọ̀ ni, ẹni tó bá tú u yóò rí ọ̀rọ̀ ara ìwé náà nínú content.xml. Fún ẹni tí ó ń gba oríkì tàbí ẹsẹ Ifá sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ohun tí a gbà sílẹ̀ kò ní dúró de ilé-iṣẹ́ kan kí ó tó ṣeé kà lọ́jọ́ iwájú.

Àmì ohùn àti ìlà pupa
Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a óò so pọ̀. Nínú Writer, bí a bá tẹ 1eb9 tí a sì tẹ Alt àti X pọ̀, ẹ yóò jáde. 1ecd ni ti ọ, 1e63 ni ti ṣ. Bí a bá tẹ 0301 tẹ̀lé lẹ́tà tí a sì tún tẹ Alt àti X, àmì ohùn òkè yóò gùn ún. 0300 ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀nà yìí dára fún lẹ́tà kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ó lọ́ra fún odidi àròkọ. Kíbọọ̀dù Yorùbá ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ìṣòro tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti àyẹ̀wò àkọtọ́. Bí a bá fi èdè ìwé sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlà pupa ni yóò fa sábẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àmì pupa sì ni olùkọ́ fi ń fi àṣìṣe han ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "ọmọ", "ìyá" àti "ilé" bó ti yẹ, tí gbogbo rẹ̀ sì pọ́n, ń gba ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò pinnu láti kọ́ ọ: pé èdè rẹ̀ ni àṣìṣe. A lè pa àyẹ̀wò náà, ìlà náà yóò sì lọ, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìmọ̀.

Ibi tí ìmọ̀ èdè ti lè wọlé
Hunspell ni ó ń ṣe àyẹ̀wò àkọtọ́ nínú LibreOffice. László Németh ni ó kọ ọ́ fún èdè Hungary, èdè tí àfòmọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ púpọ̀. Fáìlì méjì ni èdè kọ̀ọ̀kan nílò: ọ̀kan fún àkójọ ọ̀rọ̀, èkejì fún òfin àfòmọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni ó wà nínú méjèèjì. Olùkọ́ lè ṣí wọn kà.

Ẹ wo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "oní". Ó di "alá" nínú aláṣọ, "ẹlẹ́" nínú ẹlẹ́ja, "elé" nínú eléwé, "ọlọ́" nínú ọlọ́mọ, kò sì yí padà nínú onílé. Fáwẹ̀lì tí ọ̀rọ̀-orúkọ fi bẹ̀rẹ̀ ni ó ń pinnu. Irú òfin tí fáìlì kejì wà fún gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ bíi oníwèé, tí ohùn ara ìwé yí padà nínú rẹ̀, yóò gba òfin tirẹ̀. Àpètúnpè ẹlẹ́bẹ bíi jíjẹ, lílọ àti rírà kò ju ìlà kan lọ fún kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan nínú méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a ti dárúkọ sílẹ̀ ni irú òfin yìí lè fi kún ọ̀rọ̀. Jagunjagun àti panápaná, tí wọ́n jẹ́ àpètúnpè kíkún, yóò wọ inú àkójọ ọ̀rọ̀ lódidi. Ẹ̀kọ́ mọfọ́lọ́jì tí a ń kọ́ ní kíláàsì ni èyí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò nílò láti jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà kí ó tó kópa.

Àwọn àléébù
Kò yẹ kí a fi ìyìn bo àléébù. Àyẹ̀wò àkọtọ́ kò mọ ìtumọ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ni yóò kà sí èyí tó tọ̀nà, ì báà jẹ́ pé àgbẹ̀ ni wọ́n ní ó gbé "ọkọ" lọ sóko. Olùkọ́ kò tíì gba ìsinmi. Bákan náà, bí a bá fi ìlànà Gẹ̀ẹ́sì to orúkọ nínú Calc, Gbàdàmọ́sí yóò ṣáájú Gíwá, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn g ni gb ń bọ̀ nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìtò ojú ìwé tí a ṣe nínú Microsoft Word máa ń yí díẹ̀ bí a bá ṣí i nínú Writer. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ fún títẹ̀ yóò fi PDF tì í lẹ́yìn.

Ìgúnlẹ̀
Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ Translate.org.za túmọ̀ OpenOffice.org sí àwọn èdè ìjọba ilẹ̀ náà, tí Súlú àti Xhosa wà lára wọn. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan, nítorí pé àyè wà nílẹ̀. Ẹ̀ka Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni náà lè ṣe tirẹ̀: kí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí ti èkejì jẹ́ òfin àfòmọ́, kí olùkọ́ yẹ wọ́n wò, kí a sì fi wọ́n síta fún gbogbo ènìyàn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní kú sínú àjà ilé ìkàwé. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọwọ́ ọmọ Yorùbá ni yóò nu ìlà pupa kúrò lábẹ́ "ọmọ".