Níbo Ni Gbólóhùn Parí Sí?

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Nítorí náà, ó dára bí a ṣe ń tètè kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní àmì ìparí gbólóhùn: àmì ìdánudúró, àmì ìbéèrè àti àmì ìyanu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo rí i pé a ń gbà kọ́ wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó níhìn-ín kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ń gbé wọ èdè Yorùbá.

Òfin kìíní ni pé kí ọmọ fi àmì ìdánudúró síbi tí ó bá ti mí. Àbúrò mi tó wà ní pírámárì kejì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: “Ìyá gbé ìrẹsì. Wá sílé.” Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni “Ìyá gbé ìrẹsì wá sílé.” Èémí ló sọ gbólóhùn kan di méjì, tó sì sọ ìròyìn di àṣẹ. Olùkọ́ fi báírò pupa fàlà sí i, kò sì sọ ìdí.

Òfin kejì ni pé bí ohùn bá lọ sókè ní ìparí, ìbéèrè ni. Èyí ló burú jù. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ohùn tirẹ̀. “Mo rí ilé” fi ohùn òkè parí, kì í ṣe ìbéèrè. “Ṣé o lọ sí ọjà?” fi ohùn ìsàlẹ̀ parí, ìbéèrè sì ni.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tó ń ṣe ìbéèrè: ṣé, ǹjẹ́, ta ni, kí ni, èló, dà, ńkọ́. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Ìdúmọ̀tà ti mọ “Èló ni?” kó tó mọ A, B, D. Àwọn ìbéèrè kan wà tí kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí “Ẹ ti jẹun?” Ìtumọ̀ ni yóò tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀. Ní ti àmì ìdánudúró, kí ó bi ara rẹ̀ pé: ta ni mò ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣé mo sì ti sọ ohun tó ṣe tán?

Àwọn kan yóò ní ọmọ ọdún mẹ́fà kéré sí èyí. Kò kéré o. Ó ń sọ èdè náà lójoojúmọ́.

Ní Èkó yìí ni ìjọ C.M.S. ti ṣe àpérò lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1875. Kò yẹ kí ó jẹ́ ibí kan náà ni ọmọ yóò ti máa rò pé èdè òun kò ní òfin. Bí a bá ń fàlà sí iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ ìdí, ohun tí yóò rò nìyẹn.