Ṣòkòtò Àgbàbọ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Eré Gíríìkì Méjì tí a Wọ̀ ní Aṣọ Yorùbá

Àwọn àgbà a máa wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a tún ka eré méjì tí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa gbà bọ̀ láti ọwọ́ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Èkíní ni The Gods Are Not to Blame, ti Ọlá Rótìmí, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, tí a sì tẹ̀ ní 1971. Èkejì ni Women of Owu, ti Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, tí a kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí a sì tẹ̀ ní 2006. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni àwọn ènìyàn inú wọn. Èwo nínú wọn ni ó bá wa mu, èwo ni ó sì fún wa lẹ́sẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ni ó kan ará Èkó nínú ọ̀rọ̀ Gíríìkì. Ní 1821, ogun wọ ìlú Òṣogùn, a sì kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní ìgbèkùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, ìlú tí Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ìgà Ìdúngànràn jẹ́ ọkàn rẹ̀. Ibẹ̀ ni a sì ti kó o wọ ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí ní 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Sàró. Ọmọ náà di Samuel Àjàyí Crowther. Ó kọ́ Látìn àti Gíríìkì, ó di àlùfáà ní 1843, ó sì ṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ rẹ̀, ni ó ṣí CMS Grammar School ní Èkó kan náà ní oṣù Òkúdù 1859. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, Látìn àti Gíríìkì sì wà nínú ẹ̀kọ́ wọn. Kíyè sí i, ìwọ òǹkàwé: ọmọ ìlú tí ogun fọ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn mú ìwé àwọn ará Gíríìkì wá sí etí òkun wa. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Eré Rótìmí tọ ipasẹ̀ eré Sophocles lórí ọba Oedipus, tí a ṣe ní ìlú Áténì ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn. A bí ọmọ kan fún ọba Adétúsà àti Ọjúọlá ní Kútùjẹ́. Baba Fákúnlé awo wí pé ọmọ náà yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. A ní kí a lọ pa á nínú igbó. Àánú ṣe ẹni tí a rán, ọmọ náà sì dàgbà ní ọ̀nà jíjìn. Odéwálé ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àgbàlagbà kan bá a jà lórí ilẹ̀ oko, tí ó sì fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, inú bí i, ó pa á; bàbá rẹ̀ ni ó pa, kò mọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yé e ní ìkẹyìn, ó fọ́ ojú ara rẹ̀, ó sì wí pé kí a má ṣe di ẹ̀bi náà ru àwọn òrìṣà: ìkórìíra ẹ̀yà àti ìbínú òun ni ó gbé òun ṣubú. Nígbà tí ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ń jó ilẹ̀ wa ni a kọ ọ́, a sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

A yin eré náà. Òwe inú rẹ̀ pọ̀, ó sì ń dùn létí, kò sì sí ẹni tí yóò rí ìgbẹ̀yìn Ọjúọlá tí àánú kò ní ṣe. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ṣòkòtò náà ti fún wa lẹ́sẹ̀. Ní Gíríìkì, bí Apollo bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ní ilẹ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo kì í gbọ́ ibi nìkan kí ó sì máa lọ sílé. A ó sọ ohun tí yóò ṣe fún un kí ibi náà lè yẹ̀. Àwa tí a ti fi ẹ̀sìn náà sílẹ̀ pàápàá mọ irú èyí nínú Ìwé Mímọ́: Jónà kéde ìparun sórí Nínéfè, Nínéfè ronú pìwà dà, ìparun náà kò sì dé. Nínú ilé bàbá wa àti nínú ilé Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ a máa ní ilẹ̀kùn lára. Èé ṣe tí Baba Fákúnlé kò fi ní ètùtù kankan bí kò ṣe kí a pa ọmọ?

Nítorí náà a gbà pé orúkọ ìwé náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò gbà pé Odéwálé ni ẹ̀bi náà kọ́kọ́ kàn. Kí ó tó mọ ohun tí à ń pè ní ìbínú, àwọn àgbà ààfin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ líle lórí ọmọ-ọwọ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ nù. Bí wọ́n bá ti tọ́ ọ lábẹ́ ojú wọn, ìbá mọ bàbá rẹ̀ nígbà tí ó bá rí i. Ìwà tí a hù nítorí àsọtẹ́lẹ̀ ni ó mú àsọtẹ́lẹ̀ ṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo eré kejì. Ní 416 ṣáájú ìbí Olúwa wa, àwọn ará Áténì ṣẹ́gun Melos, wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n sì ta àwọn obìnrin àti ọmọdé lẹ́rú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Euripides gbé eré lórí àwọn obìnrin Troy síwájú àwọn ará Áténì kan náà. Ọ̀ṣọ́fisan gbà á bọ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ ní Òwu, ìlú tí àwọn ọmọ-ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé parun ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, wí pé ìjà lórí ataare ní ọjà Apòmù ni ó dá ogun náà sílẹ̀. Ataare! Nínú eré náà, Ẹrelú àti àwọn obìnrin rẹ̀ jókòó lẹ́yìn odi tí ó ti wó, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò kó wọn lọ. A gba ọmọ kékeré lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí a lè pa á. Òrìṣà ìlú náà dé nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Eré yìí ní àbùkù tirẹ̀: ẹkún inú rẹ̀ pọ̀ ju ìṣe lọ, ó sì lè sú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fẹ́ ìjà àti idà. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò náà kò fún wa, kò sì ṣo wá. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin Troy tí kò ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa. A kò nílò àsọtẹ́lẹ̀ kankan láti mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ènìyàn ni ó gbé iná, ènìyàn ni ó ta ènìyàn. Àkókò ogun wọ̀nyí kan náà ni a kó Àjàyí. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta. Ìtàn tí a bá gbà bọ̀ a máa yè nígbà tí ó bá bá ìbànújẹ́ tirẹ̀ nílé wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní eré méjèèjì. Ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè ẹni tí Oedipus jẹ́ nínú ìwé Rótìmí nìkan; ẹ bi wọ́n pé ọwọ́ ta ni ẹ̀bi wà. Kí àwa pẹ̀lú sì yẹ ara wa wò. Mélòó nínú wa ni ó ti wo ọmọ ọdún mẹ́jọ nínú kíláàsì, tí a sì ti sọ pé olórí burúkú ni, kò lè dára láé, tí a sì gbé e lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn? Bí ọmọ náà bá bàjẹ́ ní ọ̀la, a ó wí pé a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ààfin Kútùjẹ́ pẹ̀lú ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.