Òrùlé La Rí, A Kò Rí Ará Ilé

Ẹni tó bá dúró lórí Òkè Màpó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, yóò rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká. Ṣùgbọ́n kò ní rí ìyá tó ń rokà nínú ilé kan. Bó bá sì wọ agboolé náà lọ, yóò rí ìyá, Ìbàdàn yóò sì pòórá mọ́ ọn lójú.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo wo fídíò IllustrisTNG, iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe láti fi bí àwọn gálásì, ìyẹn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńláńlá, ṣe dàgbà hàn wá. Fídíò náà dùn ún wò, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kéré. Apá rẹ̀ tó ń jẹ́ TNG50 gbà ju ọdún kan lọ lórí Hazel Hen, kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Stuttgart, Jámánì, tí ọpọlọ ìṣirò 16,000 ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Àmọ́ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan tí a rí níbẹ̀ kì í ṣe ìràwọ̀ kan. Nínú TNG50, ẹyọ kan wúwo tó oòrùn bíi 85,000. Nínú TNG300, tó fẹ̀ jù ú lọ, ó tó mílíọ̀nù 11. Bí àyè ṣe ń fẹ̀ ni ojú ń ṣe bàìbàì. Bí a bá sọ ẹyọ di kékeré, iye wọn yóò pọ̀ sí i, a ó sì tún máa ṣírò wọn léraléra, nítorí nǹkan kékeré a máa tètè yí padà.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà kò ṣírò bíbí ìràwọ̀ àti bíbú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì tún òfin náà ṣe títí àbájáde rẹ̀ fi jọ ohun tí a rí lójú ọ̀run. Àwọn tó ṣe é kọ èyí sínú ìwé wọn. Fídíò tí mo wò kò sọ ọ́. Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí a fọwọ́ ara wa tún ṣe kó lè jọ, a kì í fi jíjọ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ibi tó yẹ ká ti yìn wọ́n ni ohun tí wọn kò tún ṣe tó sì tún bára mu, bí ọ̀nà tí àwọn gálásì ń gbà kóra jọ.

Òkè Màpó kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, tó ní òun ti kí gbogbo ará ilé, ló purọ́.