Àṣejù: Ó Ju Kí Ni Lọ?

Kò sí àgbàlagbà Yorùbá kan tí kò mọ òwe tí ó ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. À ń pa á fún wọ̀bìà, à ń pa á fún onínàá-àpà, à ń pa á pẹ̀lú fún ẹni tí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ dáhùn. Ohun tí a kì í sábà ṣe ni kí a bi ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń wí.

Ìhun rẹ̀ kò le. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi kún ṣe jù. Irú rẹ̀ ni àjẹjù, àmujù àti àpọ̀jù. Orí jù ni gbogbo ẹrù náà wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ìfiwéra ni jù, ohun méjì ni ó sì máa ń wé mọ́ra: ohun tí ó borí àti ohun tí a borí. Bí a bá ní ‘Olú ga ju Adé lọ’, àwọn méjèèjì dúró níwájú wa, a lè fi ojú wọ̀n wọ́n. Ẹ kíyè sí ohùn pẹ̀lú. Ohùn àárín ni ju ní nínú gbólóhùn yẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Nínú àṣejù, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni ó wà. Ohùn náà ń jẹ́rìí pé àbọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ṣe é jù. Ó ju kí ni lọ?

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tí ó ta kò ó, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wíwọ̀n wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí alágbàtà bá wọn gàrí tán tí ó tún padà wọ̀n ọ́n. Àṣejù kò dárúkọ òṣùwọ̀n kankan. Àpò ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni òṣùwọ̀n wà.

Jù alára kò jẹ̀bi. Òun náà ni ó wà nínú ‘èyí tí ó dára jù lọ’. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí tilẹ̀ ń fi ‘o pọ̀ jù!’ yin ara wọn, inú sì ń bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan. Èmi kò bá wọn bínú.

Àwa lámèyítọ́ pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí Fágúnwà to ọ̀rọ̀ jọ gègèrè nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), àsọrégèé ni a pè é, a sì yìn ín. Bí ọmọ ilé-ìwé bá dán irú rẹ̀ wò nínú àròkọ, bíró pupa ni yóò dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti dùn mí jù ni ìpàdé ẹbí. Obìnrin tí ó béèrè ìpín tirẹ̀ nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni a ń pè ní aláṣejù. Bẹ́ẹ̀, yálà ìdí-igi ni a fi pín ogún ni o tàbí orí-ò-jorí, àṣà Yorùbá kò yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Kí wá ni obìnrin náà ṣe jù? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó yá owó ṣòkú, tí ó sì fẹ́ fi ilé náà san gbèsè, kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Òwe mìíràn wà: ‘Àgbàlagbà tí ó wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí.’ Èyí dárúkọ ẹni tí ó ń bá wí. Nínú gbogbo ìpàdé ẹbí tí mo ti jókòó sí, n kò tíì gbọ́ kí àgbà kan pa á.